Ààrò Tó Ń Gbóná Láìdáná

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fi ọmọ odó lu hítà ilé wa, ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ohun tó kó bá mi nìyẹn. Ẹni tó bá fi ẹgba na ewúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tí ewúrẹ́ náà sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tún ní fẹnu bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láyé.

Rush la wà, létí òkun, lápá àríwá Dublin, níbi tí wọ́n ti ń gbin kábéèjì àti àlùbọ́sà eléwé gbọọrọ. Ibi tí wọ́n ti ń di àwọn ẹ̀fọ́ yẹn sínú páálí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, òun ló jẹ́ kí ọwọ́ mi le tó báyìí. Ilé àtijọ́ ni a rà. Atẹ́gùn òkun kì í fẹ́ níbẹ̀, ìjà ló ń jà: á lu fèrèsé, á gbá ilẹ̀kùn, á fa páànù ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìnkùlé títí á fi máa ké. Inú ṣẹ́ẹ̀dì yẹn ni bọ́ílà wà, ẹ̀rọ ńlá kan tó ń jó kẹrosíìnì, kẹrosíìnì kan náà tí a fi ń tan sítóòfù nílé. Á se omi gbóná, pọ́ǹpù kan tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì á sì máa ti omi náà lọ sínú àwọn rédíétọ̀, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà lára ògiri yàrá kọ̀ọ̀kan. Pọ́ǹpù náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn ará ibí ń pè ní hot press, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tánkì omi gbígbóná, níbi tí mò ń kó táwẹ́ẹ̀lì sí. Òun ló kọ́kọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Mo lù ú, ó gbọ̀n, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọkọ mi ní, “Ẹ̀rọ kì í ṣe ọmọ tó kọ̀ tí ò lọ iléèwé o.”

Mo ní, “Dadi, ó gbóná àbí kò gbóná?”

Ó gbóná. Takisí ni ọkọ mi ń wà, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, orí fóònù ló ti ń wo fídíò bí wọ́n ṣe ń tún gbogbo nǹkan tó wà láyé ṣe. Èmi ni mò ń jà nínú ilé wa. Mo tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà máa wá oníjà kiri.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi jíǹkí wa, obìnrin. Dublin níbí la bí i sí. Yorùbá yé e yékéyéké, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará ibí ló fi ń dá mi lóhùn. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé nínú fúláàtì kan ní Clondalkin, nítorí iléeṣẹ́ oògùn kan ní Grange Castle ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí oyún inú rẹ̀ ti ga dáadáa, mo sọ fún un pé tó bá ti bímọ tán, ilé mi ló ń bọ̀ títí ogójì ọjọ́ á fi pé.

“Ah Mam, our place is grand. It’s warm.”

“Ta ló máa wẹ ọmọ fún ẹ níbẹ̀?”

“I’ll wash her meself. There’s videos.”

Fídíò tún dé. Ojú mi ṣú. Mo ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, àti pé èmi ò tíì kú. A fa ọ̀rọ̀ náà títí ó fi gbà, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ fún mi: “If that heating packs up, I’m gone. I’m not messing, Mam.” Mo búra fún un pé ilé á gbóná.

Kí ẹnikẹ́ni tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí. Nígbà tí mo bí òun gan-an, wọn ò fún ìyá mi ní físà. Nọ́ọ̀sì kan ló mú òwú, ló fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ra ọmọ mi lójú, ó ní ó ti tó. Kò sẹ́ni tó fi aṣọ gbígbóná tẹ ikùn mi. Kò sẹ́ni tó na ọmọ lápá, kò sẹ́ni tó ki i. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń retí ọmọ ọmọ tí màá fi ọwọ́ ara mi wẹ̀ lábẹ́ òrùlé ara mi. N kò bẹ Ọlọ́run fún ohun tó ju ìyẹn lọ, mo sì rò pé kò pọ̀ jù.

Hítà ò mọ̀ pé mo búra. Bí òtútù ṣe dé, ìwà rẹ̀ yí padà. Bọ́ílà á máa jó nínú ṣẹ́ẹ̀dì, a óò máa gbóòórùn kẹrosíìnì, ṣùgbọ́n àwọn rédíétọ̀ á tutù rinrin. Nígbà mìíràn, èyí tó wà ní yàrá wa nìkan á gbóná, nígbà tí a bá ti pa gbogbo ẹ̀rọ tán. Inú ògiri wá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Á dákẹ́, á dákẹ́, lẹ́yìn náà á dún gbàgà, bí ẹni pé wọ́n ti ẹnì kan mọ́ ibẹ̀ tó fẹ́ jáde wá bá wa jà. Ọkọ mi ní atẹ́gùn ló wà nínú páìpù. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ kékeré kan, ó tú atẹ́gùn lára rédíétọ̀ kọ̀ọ̀kan, omi dúdú fọ́n sí i lójú. Kò yí nǹkan kan padà. Èmi gbé ọmọ odó mi, mo gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Pọ́ǹpù náà ń ṣiṣẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń gbọ̀n. Mo lù ú síbẹ̀, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí mo lè lù. Ọkọ mi sáré wá, ó di ọmọ odó mú lẹ́yìn mi.

“Ẹ fi sílẹ̀, Dadi.”

“O fẹ́ fọ́ ọ ni? Tó bá bẹ́, omi ló máa kó gbogbo wa lọ.”

“Mo ní kí ẹ fi ọmọ odó mi sílẹ̀.”

A fà á síwájú, a fà á sẹ́yìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró yẹn, àwa àgbàlagbà méjì. Ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ó balẹ̀ sára ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, pákó rẹ̀ là sí méjì. Ọkọ mi wo ilẹ̀kùn náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ tí mo ní kì í jà yìí wá sọ spánnà ọwọ́ rẹ̀ lu ògiri, ó dá ihò síbẹ̀ tó tóbi tó ìkúùkù. Lẹ́yìn náà ló sọ̀kalẹ̀ lọ wa takisí rẹ̀. Mo jókòó sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹsẹ̀ mi tutù nínú bàtà.

Mo pe plọ́mbà. Ó ní, “I’m up to me eyes, missus. I’ll be out to you next week, please God.” Gbogbo plọ́mbà tí mo pè ló ń dá mi ní next week. Ọmọ inú oyún ò mọ next week ní tiẹ̀. Ó jáde ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, obìnrin, irun kún orí rẹ̀ dúdú. Láti ọ̀sípítù ni ọkọ ọmọ mi ti gbé ìyá àti ọmọ wá sí Rush, ó kí wa, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé náà tutù débi pé a ń rí èémí ẹnu wa.

Mo ti tan hítà oníná méjì sí pálọ̀. Bí mo ṣe fẹ́ tan ẹ̀kẹta, iná gbogbo ilé lọ, ọkọ mi ló lọ dá a padà. Ọmọ mi jókòó sórí àga pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó ká ara mọ́ ọmọ rẹ̀, kò pariwo, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ó ní, “I’ll give it till tomorrow, Mam.” Bàbá rẹ̀ wò mí. Mo mọ ohun tó wà lójú rẹ̀: ìwọ lo búra.

Mo kó aṣọ ọmọ láti lọ sá a sórí pèpéle ààrò. Gbogbo ilé àtijọ́ níbí ló ní ààrò nínú pálọ̀, ihò tí wọ́n ń dáná èédú sí láyé ìgbà kan kí ilé lè gbóná. Láti ìgbà tí a ti kó dé, a ò dáná síbẹ̀ rí. Òdòdó oníke ni mo tò síwájú rẹ̀. Ọwọ́ mi kan bíríkì rẹ̀. Ó gbóná. Mo fa ọwọ́ mi padà, mo tún gbé e lé e. Ó gbóná gidi, bí ara ẹni tí ibà ń ṣe.

“Dadi, ẹ wá fọwọ́ kan nǹkan yìí.”

Ó fọwọ́ kàn án. Ó wò mí. “Wàláì, ó gbóná. Ta ló dáná síbẹ̀?”

Kò sẹ́ni tó dáná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Áyátúl-Kúrísíyù sínú, nítorí mo mọ ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa ilé létí òkun. Ọkọ mi kò ka nǹkan kan. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ti orí bọ ihò náà, ó sì rí àpótí irin kan nínú ògiri, lẹ́yìn ibi tí èédú máa ń wà. Páìpù méjì jáde lára rẹ̀, wọ́n gba inú ògiri gòkè. A tọ ipa wọn lọ sókè, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti là ni wọ́n já sí, wọ́n sì so mọ́ páìpù ti hítà wa. Páìpù kọ̀ọ̀kan ní fáàfù tirẹ̀, ìyẹn ọwọ́ irin pupa tí a fi ń ṣí omi tí a sì fi ń tì í.

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ wá yé wa. Láyé ìgbà tí wọ́n ń dáná èédú, inú àpótí yẹn ni omi ti ń gbóná. Nígbà tí wọ́n wá gbé bọ́ílà kẹrosíìnì dé, wọn ò yọ àpótí náà, wọ́n kàn so méjèèjì pọ̀. Àwọn fáàfù yẹn ti wá ṣí sílẹ̀ gbayawu. Omi tí a ń fi kẹrosíìnì sè nínú ṣẹ́ẹ̀dì, inú ààrò tí ẹnikẹ́ni kò lò ló ń lọ, ó ń gbóná fún ihò èéfín àti fún àwọn ẹyẹ orí òrùlé. Mo ń lu pọ́ǹpù, mo ń ṣẹ́ bọ́ílà tó wà lẹ́yìn ilé lépè, wọn ò ṣẹ̀ mí. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé.

Ọkọ mi ní kí a ti fáàfù méjèèjì. Wọ́n ti dípẹtà, wọn ò fẹ́ yí. Ó fà á, ó làágùn nínú òtútù yẹn. Mo ní kó kúrò níbẹ̀. Mo fi aṣọ ìnuwọ́ wé ọwọ́ fáàfù náà, mo fẹsẹ̀ ti ògiri, mo sì fi gbogbo agbára àti gbogbo ìbínú mi yí i. Ó han gooro. Irin gé mi lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ṣàn sára páìpù. Mo yí èkejì. Ọkọ mi fi spánnà fún méjèèjì pinpin. Kò pẹ́ tí rédíétọ̀ pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tẹ̀lé e ni ti kíṣìnì, tẹ̀lé e ni ti òkè. Ọmọ mi bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ní, “Fair play to yiz,” ìyẹn ni pé a káre. Ọkọ mi kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àwọn fáàfù yẹn mọ́. Ó pe plọ́mbà pé kó má wulẹ̀ wá mọ́, a ti yanjú ẹ̀.

Mo gbádùn ọjọ́ bíi mélòó kan tó tẹ̀lé e ju bí ẹnu mi ṣe lè sọ lọ. Mo lọ ra ọṣẹ dúdú àti òrí ní Moore Street nígboro Dublin. Mo jókòó sórí àpótí nínú yàrá ìwẹ̀, mo gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo bu omi tó gbóná dáadáa, mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, ó han, mo tẹ orí rẹ̀ kó lè rí róbótó, mo di apá rẹ̀ mú, mo gbé e sókè, mo tún jù ú díẹ̀, mo hán an, mo sì ń ki i. Ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń di ojú, ó ń là á.

“Mam, you’ll pull the arm off her.”

“Ṣé tìẹ já?”

“You never done it to me.”

Bẹ́ẹ̀ ni, mi ò ṣe é fún un, mi ò mọ̀ ọ́n ṣe nígbà yẹn. Mo yíjú sí ìyá náà fúnra rẹ̀. Mo fi aṣọ inú omi gbígbóná tẹ ikùn rẹ̀, ó ké, ó di irun mi mú, mo tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ó sùn fọnfọn. Mo wo ìyá, mo wo ọmọ, ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kù sí dẹ̀dẹ̀. A ti ra àgbò fún sùnnà ọmọ lọ́wọ́ ẹlẹ́ran kan ní Moore Street. Ó fẹ́ da orí àti ẹsẹ̀ nù. “We bin that, sister,” ó wí. Mo ní, “You will not bin it. Give me my head and my legs.” Gbogbo èèyàn ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ̀ pé àwa kì í bó awọ orí àgbò. Iná la fi ń jó irun rẹ̀, a óò fi ọ̀bẹ ha á títí á fi mọ́, a óò wá sè é. Orí tí wọ́n bó lásán kì í ṣe orí tí èmi máa gbé síwájú àlejò.

Ìdílé tó bá ní ọgbọ́n níbí, iná gáàsì kékeré tí a ń fọwọ́ mú ni wọ́n ń lò, nínú ọgbà. Èmi náà ní i. Mo gbé e jáde lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, òjò ń rọ̀ ní ìdábùú, atẹ́gùn òkun pa iná náà bí mo ṣe ń tàn án. Mo tàn án títí ọwọ́ mi fi kú. Mo bú atẹ́gùn, mo bú òkun, mo gbé orí àgbò mi wọlé. Ojú mi bọ́ sára ààrò pálọ̀.

Ẹni tó bá mọ irú ẹ̀rọ yìí yóò ti káwọ́ lérí báyìí. Omi ṣì wà nínú àpótí irin yẹn. Ọ̀nà méjèèjì tí ì bá gbà jáde ni a ti tì, tí a fi spánnà fún pinpin. Èmi sì fẹ́ lọ dáná sí ìdí rẹ̀. Ìkòkò tí wọ́n bo ọmọrí rẹ̀, tí wọ́n jó ọmọrí náà pa mọ́ ọn ni. Ṣùgbọ́n fáàfù ni ọkọ mi ní kí n má fọwọ́ kàn, n kò sì fọwọ́ kàn án. Kò sẹ́ni tó dárúkọ iná. Òun náà kò mọ̀, ó wà nígboro, ó ń gbé èrò.

Mo palẹ̀ òdòdó oníke mọ́. Mo ṣẹ́ igi páálí tí mo kó bọ̀ láti ibi iṣẹ́, mo da èédú lé e, mo wí Bísímílà, mo ṣáná sí i. Ó gbá. Mo ti orí àgbò náà bọ inú rẹ̀ ní orí irin. Irun rẹ̀ ta pàrà, èéfín búlúù gbòde, awọ ètè rẹ̀ sún kì, eyín rẹ̀ sì yọ sí mi. Mo yí i, mo ha á, mo tún tì í wọná. Inú mi dùn. Pálọ̀ gbóná ju ti ìgbàkígbà lọ, mo ní kí ọmọ mi gbé àpẹ̀rẹ̀ ọmọ wá síwájú ààrò kí ọmọ jàǹfààní iná.

Ó gbé e wá, ó tẹ́ ọmọ sí i, ó sì di imú rẹ̀ mú. “Ah here. Mam, what is that? She can’t be breathing that in.”

“Irun ẹran ni. Gbogbo wa la fà á símú, a ò kú.”

Ìgbà yẹn ni inú ògiri dún. Gbì. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó tún dún, gbì, gbì, lẹ́yìn iná gan-an, bíríkì sì gbọ̀n. Mo rò pé aburú páìpù àtijọ́ ló tún bẹ̀rẹ̀. Mo mú ọmọ odó nídìí ògiri, mo fi lu àyà ààrò náà lẹ́ẹ̀mejì, kó lè mọ̀ pé èmi náà wà níbẹ̀. Ó dá mi lóhùn, gbàgà, eérú fò jáde sórí rọ́ọ̀gì.

Ọmọ mi ti gbé ọmọ rẹ̀ nínú àpẹ̀rẹ̀. “That’s not right. Turn it off.”

“Iná igi ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ tọ́ọ̀fù ẹ̀?”

“Then I’m going home. I told you, Mam. I told you I’d go.”

Ó ń de ọmọ mọ́ inú àga ọmọ tí wọ́n fi ń gbé e wọ mọ́tò bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ara mi gbóná. Lójú mi, kì í ṣe ògiri ló ń sá fún, èmi ló ń sá fún. Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, mo na apá mi méjèèjì.

“O ò ní gbé ọmọ tí a ò tíì sọ lórúkọ jáde sínú òjò yìí.”

“Move, Mam.”

“Mi ò ní kúrò.”

Ó fi èjìká gbá mi. Ọmọ tí mo bí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, fi èjìká gbá mi lu ògiri, ó sì kọjá. Mo sá tẹ̀ lé e pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Mo bá a lẹ́nu géètì, mo di apá rẹ̀ mú, mo fà á, ó fà á, àga ọmọ ń fì láàárín wa, ọmọ náà ń ké. Mo ní kó padà sínú ilé. Ó ní, “Let go of me, you’re hurting me.” Mo ní kó padà sínú ilé. Ó ní mi ò ní fọwọ́ kan ọmọ òun mọ́ láyé. Mo gbá a létí. Ìró rẹ̀ wọ mí létí pàtó, mo rí i tí orí rẹ̀ yí.

Ilé wa bú gbàmù lẹ́yìn wa.

Mi ò lè sọ bó ṣe dún, nítorí pé kì í ṣe etí ni mo fi gbọ́ ọ. Ó ti mí láyà. Fèrèsé pálọ̀ jáde odindi pẹ̀lú férémù rẹ̀, ó balẹ̀ sínú koríko. Èéfín dúdú àti ooru omi yọ tẹ̀ lé e. Nǹkan kan fò kọjá lókè orí wa, ó lu mọ́tò tó wà lójú títì. Nígbà tí mo rí ara mi, èmi àti ọmọ mi wà nílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó dojú bolẹ̀ bo àga ọmọ, èmi ṣì di apá rẹ̀ mú.

Àwọn panápaná dé. Wọ́n mú mi wọlé lẹ́yìn tí wọ́n pa iná tán, kí n wá fi ibi tí iná mànàmáná ti ń wọlé hàn wọ́n. Àyà ààrò ti ya sílẹ̀ láti òkè délẹ̀. Apá kan nínú àpótí irin náà gba ilẹ̀kùn pálọ̀ kọjá, ó há sára pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn bíríkì wà lórí àpẹ̀rẹ̀ ọmọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ mọ́lẹ̀, aṣọ funfun tí mo tẹ́ sí i ti di aṣọ èédú. Orí àgbò ni wọ́n bá nínú ọgbà aládùúgbò. Ọ̀kan nínú wọn wo àpẹ̀rẹ̀ náà, ó wò mí, ó ní, “Was there a child in that?” Mo ń wo ọwọ́ mi.

Níta, mo gbọ́ tí wọ́n ń bi ọmọ mi bí wọ́n ṣe ráyè jáde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú. Ó ní, “Me mam got us out.” Wọ́n bi í léèrè nípa ojú rẹ̀. Ó ní òun ṣubú.

Ohun tó sọ fún bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó sọ fún ọkọ rẹ̀ nìyẹn, àti fún gbogbo èèyàn tó wá síbi ìsọmọlórúkọ, tí a ṣe nínú fúláàtì wọn ní Clondalkin. Àlùfáà fi ọ̀rọ̀ náà ṣe wáàsí. Ó ní Ọlọ́run fi òye han ìyá àgbà, ó sì fi ipá lé àwọn ọmọ rẹ̀ jáde nínú ewu. Àwọn obìnrin mọ́sálásí di mọ́ mi, wọ́n ń sunkún, wọ́n ní ìyá rere ni mí. Mo ń dá wọn lóhùn pé Alihamudulilai. Ọmọ mi jókòó sí òdì kejì yàrá, ó da gèlè rẹ̀ bo ẹ̀gbẹ́ ojú kan, kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ọ̀dọ̀ wọn ni èmi àti ọkọ mi ń gbé báyìí, kí wọ́n tó tún ilé wa ṣe. Kò sí ohun tó ń dún nínú ògiri níbẹ̀. Èèyàn kàn máa ṣí tápù, omi gbígbóná á dé. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo gbé àpótí mi wọ yàrá ìwẹ̀, mo ká apá aṣọ mi sókè, mo jókòó, mo na ẹsẹ̀ mi méjèèjì, mo ń dúró. Ọmọ mi gbé ọmọ rẹ̀ wọlé. Kò bínú, kò pariwo. Ó na táwẹ́ẹ̀lì sí mi.

“Hold that for us, Mam.”

Mo dìde fún un. Ó jókòó sórí àpótí náà, ó gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, ó tẹ orí rẹ̀, ó di apá rẹ̀ mú, ó gbé e sókè. Bó ṣe rí mi tí mò ń ṣe é gẹ́lẹ́ ló ń ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí títí dòní. Mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú táwẹ́ẹ̀lì. Omi tó ń lò kò gbóná tó. Mo rí i, mo sì pa ẹnu mi mọ́.